Ta Ló Ni Ìtumọ̀ Orúkọ Akira?

Tí ẹ bá ti wo Death Note rí, ẹ ó rántí ọkùnrin kan tó gun alùpùpù wá síwájú ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń da ọmọbìnrin kan láàmú. Ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ara rẹ̀: Takuo. Light Yagami wà nítòsí, ó gbọ́ orúkọ yẹn kedere, ìwé tó ń pani sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ kò kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. Ó kọ Takuo kan, ó tún kọ òmíràn, ó tún kọ òmíràn. Gbogbo wọn dún bákan náà, àmì tó fi kọ wọ́n ló yàtọ̀ síra. Ìdí ni pé ìwé yẹn kì í dáhùn sí ohùn. Ikú pàápàá ní láti mọ sípẹ́lì kó tó mọ ẹni tó máa mú.

Àwa tí à ń wò ó láti òkèèrè lè rò pé àrà tí òǹkọ̀wé kàn fi dá ìtàn lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Rárá o. Bí orúkọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Japan gan-an nìyẹn, ó sì gbé ìbéèrè kan dìde tó yẹ kó kan gbogbo ẹni tó gbà pé orúkọ kì í ṣe ohùn lásán: tí orúkọ bá ní ìtumọ̀, níbo ni ìtumọ̀ náà ń gbé, ta ló sì ni ín?

Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo, Akira. Akira Kurosawa, olùdarí fíìmù tó ṣe Seven Samurai ní 1954, àmì 明 ló fi ń kọ tirẹ̀. Tí ẹ bá wo àmì náà dáadáa, oòrùn wà lápá òsì, òṣùpá wà lápá ọ̀tún. Ìtumọ̀ méjèèjì pọ̀ ni ìmọ́lẹ̀. Akira Toriyama tó ya Dragon Ball, 明 kan náà ni. Ṣùgbọ́n Akira Yoshino, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ní 2019 nítorí bátìrì lithium-ion, irú bátìrì tó wà nínú fóònù tí ẹ fi ń ka èyí, 彰 ni tirẹ̀, ìyẹn kí nǹkan hàn sí gbangba. Akira Suzuki tó gba ẹ̀bùn kan náà ní 2010, 章 ni tirẹ̀, àmì tí wọ́n tún ń lò fún orí ìwé, bíi Orí Kìíní, Orí Kejì. Àwọn Akira mìíràn tún wà tí wọ́n fi 昭 kọ tiwọn. Lẹ́yìn tí sáà ọba tí wọ́n ń pè ní Shōwa, 昭和, bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1926, ọ̀pọ̀ òbí ló fi àmì yẹn sínú orúkọ ọmọkùnrin wọn, débi pé àwọn tó bá rí i lórí ìwé lónìí lè ti máa fojú díwọ̀n ọjọ́ orí ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Tí ẹ bá kígbe Akira lójú títì, gbogbo wọn á bojú wẹ̀yìn. Ohùn kan ni wọ́n jọ ń jẹ́. Wọn ò jọ jẹ́ orúkọ kan.

Ọ̀rọ̀ náà tún yí sí òdìkejì. Bí ohùn kan ṣe lè ní àmì rẹpẹtẹ, bẹ́ẹ̀ ni àmì kan lè ní ohùn púpọ̀. Àmì 翔 tó ní í ṣe pẹ̀lú kéèyàn fò lókè bí ẹyẹ, òbí kan lè pè é ní Shō, òmíràn Kakeru, òmíràn Tsubasa. Tíṣà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orúkọ kíláàsì tuntun lé lọ́wọ́ lè mọ gbogbo àmì tó wà níbẹ̀, kó má sì mọ bó ṣe máa pe ọmọ kan. Àní Light fúnra rẹ̀: àmì òṣùpá, 月, ni wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ Raito ni wọ́n ń pè é, ìyẹn bí ahọ́n àwọn ará Japan ṣe ń pe Light. Ojú rí òṣùpá, etí gbọ́ ìmọ́lẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. (Naruto ò bá wọn dá sí i ní tiẹ̀. Katakana ni wọ́n fi kọ ọ́, irú àmì tó kàn ń gbé ohùn láìgbé ìtumọ̀.)

Ní tiwa, orúkọ ti sọ̀rọ̀ tán kí ẹni tó ń jẹ́ ẹ tó dáhùn. Pe Babátúndé, àdúgbò ti mọ̀ pé bàbá àgbà kan ti lọ kí ọmọ yìí tó dé. Orí ìwé ni ti wa ti máa ń bàjẹ́: yọ àmì ohùn kúrò, "Ayo" lè di ayọ̀, ó sì lè di ayò tí à ń ta. Ní Japan, ohùn ló ń fi ìtumọ̀ pamọ́, ìwé ló ń tú u síta. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń dárúkọ lórí fóònù níbẹ̀ fi lè ní láti ṣàlàyé pé Akira tòun ni ti oòrùn àti òṣùpá, èyí tó wà nínú Meiji. Ó dárúkọ tán, ó tún ku kó sọ orúkọ wo ni.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní Japan wọ́n ń wo ilé, wọ́n sì ń wo ìwé pẹ̀lú. Àwọn òbí kan tilẹ̀ máa ń ka iye ìlà tó wà nínú àmì kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n gbà pé iye yẹn lè fa oríire tàbí kó lé e sá. Ohun tí òwe yẹn ò sọ fún wa ni pé ilé ta là ń wò, àti pé ta ló máa gbé ohun tí a bá rí níbẹ̀ kiri.

Ẹ wo Isoroku Yamamoto, ọ̀gágun ojú omi tó wéwèé ìkọlù Pearl Harbor ní 1941. Orúkọ rẹ̀, 五十六, kò ju nọ́ńbà lọ: márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́fà. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Iye ọdún bàbá rẹ̀ ni nígbà tí wọ́n bí i ní 1884. Títí tó fi kú ní 1943, nígbàkigbà tó bá kọ orúkọ ara rẹ̀, ọjọ́ orí bàbá ló ń kọ. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn gan-an, àánú ẹni tó jẹ́ ẹ sì ń ṣe mí díẹ̀. Kò sí ohunkóhun nípa ọmọ nínú rẹ̀. Ìyanu bàbá ni, pé òun tún bí ọmọ ní irú ọjọ́ orí báyìí.

Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ ṣe bàbá ló ń sọ̀rọ̀, orílẹ̀-èdè ni. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, Masaru tí wọ́n fi 勝 kọ, "ìṣẹ́gun", wà lára orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọkùnrin jù. Ní 1945 wọ́n pàdánù ogun náà. Àwọn tó ń jẹ́ Ìṣẹ́gun ṣì kéré nígbà yẹn. Wọ́n gbé orúkọ ogun tí wọn ò jà lọ sí ilé ìwé, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣẹ́gun.

Àmọ́ nígbà míì ìwé máa ń gba ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ohùn. Ẹni tó bá gbọ́ Ichirō, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni 一郎, àkọ́bí ọkùnrin, bí Jirō ṣe jẹ́ ìkejì tí Saburō sì jẹ́ ìkẹta. Ichirō Suzuki, ìlú-mọ̀ọ́ká nínú baseball tó gbá bọ́ọ̀lù fún Seattle Mariners, ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Ìkejì ni. Ṣùgbọ́n 一朗 ni wọ́n fi kọ tirẹ̀, àmì kejì yẹn kì í sì í ṣe "ọmọkùnrin". Ó sún mọ́ ọ̀yàyà, ohun tó mọ́lẹ̀ tó sì dùn. Etí parọ́, ojú ló sòótọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ìlú Akishima, lágbègbè Tokyo, ní 1993. Tọkọtaya kan mú orúkọ ọmọkùnrin wọn tuntun lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀: Akuma, 悪魔. Àmì àkọ́kọ́ ni "burúkú", ìkejì ni "ànjọ̀nú". (N ò ní tú u sí Èṣù o. Wọ́n ti fi irú ìtumọ̀ yẹn jẹ Èṣù níyà tó.) Òfin fàyè gba àmì méjèèjì. Bàbá ọmọ náà ní ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan ò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ọ́fíìsì kọ́kọ́ gbà á, wọ́n tún padà fagi lé e. Ó di kóòtù. Ní 1994, kóòtù ẹbí ní ọ́fíìsì ò tọ̀nà, torí wọ́n ti gba orúkọ náà kí wọ́n tó fagi lé e; ó sì tún ní àwọn òbí ṣi ẹ̀tọ́ ìsọmọlórúkọ lò. Ariwo ta káàkiri Japan. Nígbẹ̀yìn, àwọn òbí fi Akuma sílẹ̀, wọ́n sọ ọmọ náà ní orúkọ mìíràn.

Mo ti gbọ́ àwọn tó ní ìjọba ò gbọ́dọ̀ dá sí orúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn-ún gbọ́ lẹ́nu òbí. Ṣùgbọ́n òbí kọ́ ló máa jókòó sí kíláàsì. Ìwé ni òfin ń wò; ẹnu ni àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń pe orúkọ, àwọn náà kì í sì í béèrè ohun tí bàbá rẹ ní lọ́kàn. Nínú gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ nínú ẹjọ́ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo tó ni orúkọ náà kò tíì lè sọ "màmá".

Ìjọba pàápàá máa ń gbàgbé pé èèyàn ló máa jẹ́ ohun tí àwọn ń kọ sílẹ̀. Ní 2004 wọ́n fẹ́ fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún àmì kún èyí tí òfin fàyè gbà fún orúkọ. Nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síta, àmì ìgbẹ́ wà níbẹ̀, àmì àrùn jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, àmì èpè náà wà níbẹ̀. Àwọn ará ìlú fariga, wọ́n sì yọ wọ́n.

Irú èyí rọrùn láti dá lẹ́jọ́, àbí? Èyí tó le ni orúkọ tí kò sí èpè kankan nínú rẹ̀. Ní 2019, ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 18 kan gba àṣẹ kóòtù láti yí orúkọ rẹ̀ padà. Ọmọ ọba ni orúkọ náà túmọ̀ sí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ "sama" nídìí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá pè é ti foríbalẹ̀ fún un láìfẹ́. Ìfẹ́ ìyá ló kún inú orúkọ yẹn. Ìtìjú ló sì ń mú bá ọmọ. Mi ò rò pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì parọ́. Ìtumọ̀ tí ìyá fi sí i wà níbẹ̀ lóòótọ́, èyí tí àwọn èèyàn ń gbọ́ náà sì wà níbẹ̀, ọmọ ló dúró láàrin. Tó bá di pé kí n yan ẹnì kan tó ni orúkọ, ẹni tó dúró láàrin yẹn ni màá yàn, bó tilẹ̀ dun ìyá.

Èyí kì í ṣe èrò ayé òde òní. Tokugawa Ieyasu, tó dá ìjọba àwọn shogun ìdílé Tokugawa sílẹ̀ ní 1603, Takechiyo ló ń jẹ́ ní kékeré. Nígbà tó dàgbà ó di Motonobu. Ọ̀dọ̀ olúwa rẹ̀, Imagawa Yoshimoto, ni "moto" yẹn ti wá. Ó tún di Motoyasu. Wọ́n pa Yoshimoto lójú ogun ní 1560, kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ọ̀gbẹ́ni yìí fi yọ "moto" kúrò, tó di Ieyasu. Àmì kan ṣoṣo ló yọ. Gbogbo ẹni tó mọ̀wé kà lóye rẹ̀: mi ò sí lábẹ́ ilé yẹn mọ́.

Ní 1872 ìjọba Meiji fòfin de kéèyàn máa yí orúkọ padà bó ṣe wù ú. Ó yé mi. Ìjọba tó fẹ́ ka èèyàn fún owó orí àti iṣẹ́ ológun, kí ló fẹ́ fi ẹni tó ní orúkọ mẹ́rin ṣe? Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ yí tirẹ̀ ní láti fún kóòtù ẹbí ní ìdí tó múná dóko, ó sì lè dá lọ fúnra rẹ̀ láti ọmọ ọdún 15.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí. Fún gbogbo àkókò tí mo ń sọ yìí, koseki, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹbí tó dà bí ìpìlẹ̀ ẹni ní Japan, àmì orúkọ ló ń gbà. Kò sí bí wọ́n ṣe ń pè é nínú rẹ̀. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 26 oṣù Karùn-ún 2025 ní kí ìpè náà wọlé. Ìpè gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ará ìlú lè gbà. Ẹnikẹ́ni ò lè kọ "gíga" kó ní "kúkúrú" ni wọ́n ń pè é. (Mo rò pé wọ́n á bi bàbá Light ní ìbéèrè díẹ̀.) Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wá fi lẹ́tà ránṣẹ́ sáwọn ilé: bí a ṣe fẹ́ kọ ìpè orúkọ yín sílẹ̀ rèé, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Wọ́n fún ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ní ọdún kan láti sọ̀rọ̀.

Mo ń fojú inú wo bàbá àgbàlagbà kan tí àmì rẹ̀ jẹ́ 昭. Akira ni àwọn òbí rẹ̀ pè é. Láti ilé ìwé ni gbogbo ayé ti ń pè é ní Shō, torí bẹ́ẹ̀ ni ojú wọn kà á, kò sì bá wọn jà sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é. Akira ni lẹ́tà náà kọ. Ó gbé e sórí tábìlì, àwọn tó lè bi léèrè ti kú tipẹ́, gègé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.