Ta Ni Yóò Sanwó Ẹ̀dà Kejì?

Ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìfọ̀n, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, ti kúrò nínú lẹ́jà, ó ti wọ kọ̀ǹpútà. Àgbẹ̀ kòkó àti àwọn ìyá ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà. Ìyá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni akọ̀wé wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀wọ̀, nítòsí Rufus Giwa Polytechnic níbi tó ti kàwé. Ìyá yìí ló sì kọ́ ọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wá wọn kiri o: èmi ni mo ro àwọn méjèèjì jọ, nítorí àríyànjiyàn wọn wà níbi gbogbo tí a bá ti gbé iye owó sọ́fítíwià ka orí tábìlì.

AKỌ̀WÉ: Mo ti wo bébà tí o tẹ̀ fún mi, iye owó bákọ́ọ̀pù, sọ́fítíwià tó máa ṣe ẹ̀dà ìwé wa pamọ́. Àyà mi já. Dọ́là mẹ́sàn-án lóṣù lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, mẹ́ta la sì ní! Ọmọ àbúrò mi ní òun lè bá wa wá irú rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ti já títì rẹ̀ kí ènìyàn lè lò ó láìsanwó, kò ní í ná wa ní kọ́bọ̀. Wá bá wa fi sí i.

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: Tíṣà, ẹ má bínú, n kò ní lè ṣe ìyẹn.

AKỌ̀WÉ: Kí ló dé? Windows tó wà lórí láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì wa yìí, ta ló sanwó rẹ̀?

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: Tòkunbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù yẹn, mà, ṣùgbọ́n láísẹ́nsì rẹ̀ bá a wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Àwọn méjì yòókù ni kí ẹ bi mí. Àwọn yẹn kò níwèé, n kò ní purọ́ fún yín.

AKỌ̀WÉ: Ó dáa. O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, làpálàpá lo wá fẹ́ pa lónìí. Gbọ́ àlàyé mi. Bí mo bá gba sọ́fítíwià jíjá torí àtiwo fíìmù, pè mí ní olè. Ṣùgbọ́n owó ìyá tó ń ta èlùbọ́ ni mò ń ṣọ́. Lẹ́jà wa àtijọ́, òjò pa á lẹ́ẹ̀kan, ìjà tó dá sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yẹn, o kéré nígbà náà. Ẹni tó kọ sọ́fítíwià yìí ní Amẹ́ríkà kò ní í mọ̀ pé mo wà láyé. Kò pàdánù nǹkan kan pẹ̀lú, torí pé bí kì í bá ṣe ọ̀fẹ́, n kò lè rà á láéláé. Ta ni mo wá pa lára?

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ olè sílẹ̀ ná. Láti bí ọdún 2018 ni kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní STOP/Djvu ti ń jà kiri ayé. Ó máa ń ti gbogbo fáìlì inú kọ̀ǹpútà pa, á wá ní kí ẹ san owó ìtúsílẹ̀. Inú sọ́fítíwià jíjá àti àwọn ètò tó ń pèsè nọ́ńbà láísẹ́nsì ayédèrú ló máa ń fara pamọ́ sí. Ẹni tó bá rọ kọ́kọ́rọ́ àká yín fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ rò pé ẹyọ kan ló rọ? Ohun tí ẹ torí ẹ̀ wá bákọ́ọ̀pù ni ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín gbé wọlé.

AKỌ̀WÉ: Ewu lò ń sọ, o kò tíì sọ ẹ̀tọ́. Ká ní ẹni tó já a mọ́ tónítóní, tí o sì yẹ̀ ẹ́ wò tí o kò rí kòkòrò kankan. Ṣé o máa fi sí i?

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: Rárá, mà.

AKỌ̀WÉ: Torí òfin?

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: Òfin wà. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-Ọpọlọ ti 2022 dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà bó ti dáàbò bo ìwé tí ènìyàn kọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé kò sí ọlọ́pàá tó máa torí ìyẹn wá sí Ìfọ̀n. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé kì í ṣe orúkọ ara yín ni ẹ máa fi gbà á. Bí mo bá fi Windows jíjá sórí kọ̀ǹpútà ara mi, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, èmi ni n óò jíhìn. Tiyín, ẹ máa sọ gbogbo ẹgbẹ́ di olè láìsọ fún wọn. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yẹn kò rán yín.

AKỌ̀WÉ: Kò rán mi pé kí n san 40,500 náírà lóṣù pẹ̀lú. Wò ó, mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là méje ni Backblaze, ilé-iṣẹ́ tó ni èyí tó wà lórí bébà rẹ, ń gbà lórí kọ̀ǹpútà kan. Dọ́là kan ní báǹkì nígbà náà jẹ́ nǹkan bí 460 náírà. Ó jẹ́ 3,220. Ní oṣù kẹfà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, ilé-iṣẹ́ náà sọ tirẹ̀ di dọ́là mẹ́sàn-án. Nínú 2024, dọ́là kọjá 1,500: ó di 13,500 lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Dọ́là méjì péré ni wọ́n fi kún un lọ́hùn-ún, ó di ìlọ́po mẹ́rin lọ́dọ̀ wa. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún yẹn sì jẹ́ 70,000! Kó tó dìgbà yẹn pàápàá, ní ìparí 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì ti ní káàdì náírà kò gbọdọ̀ rajà lókè òkun mọ́. Ẹni tó fẹ́ sanwó gan-an kò rọ́nà nígbà náà. Irú ọjà wo nìyẹn?

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: Ẹ máa bínú sí mi o. Ta ló ń sọ iye kòkó?

AKỌ̀WÉ: Kí ni kòkó ń ṣe níbí?

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: London àti New York ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là. N kò gbọ́ kí àgbẹ̀ kan ní Òkèlúsè tàbí Ìdóànì sọ pé owó náà pọ̀ jù, pé kí wọ́n dín in kù torí pé iṣẹ́ kan náà lòun ṣe lọ́dún tó kọjá. Dọ́là tó gbé kòkó yín sókè náà ló gbé bákọ́ọ̀pù sókè. A kò lè jẹ ti ọwọ́ ọ̀tún ká sọ pé ti òsì burú.

AKỌ̀WÉ: Ẹnu rẹ mú, mo gbà. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí o kò dé. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò ní oko kòkó. Èkejì, ẹni tó ra kòkó lọ́wọ́ wa sanwó lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e, ó di tirẹ̀. Kò sí ẹni tó máa lọ gba ṣokoléètì padà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ńkọ́? Mo san lónìí, mo san lóṣù tó ń bọ̀, mo san fún ọdún mẹ́wàá, kò fìgbà kan di tèmi. Oṣù tí kòkó bá kú, tí ẹgbẹ́ kò rówó san, wọ́n á pa ìwé wa rẹ́. Ìwé tiwa o! Àwọn ni wọ́n jókòó lé e. Sọ fún mi pé ìyẹn tọ́.

(Mo dákẹ́ títí débí, ṣùgbọ́n ibí yìí ni mo rò pé ìyá náà ti borí. Iye owó lè ga tàbí kó lọ sílẹ̀. Irú àdéhùn tí wọ́n fi tà á ló yẹ ká bá jà.)

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: Kò tọ́, mà. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ san déédéé, wọ́n ṣì lè fi yín sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2017, CrashPlan, ilé-iṣẹ́ bákọ́ọ̀pù míì, kéde pé àwọn kò ṣe ti inú ilé mọ́, pé kí oníbàárà gbogbo wábi gbà. Google náà ti kọ ọ́ sílẹ̀: bí ẹrù ẹni bá kọjá ààyè tó sanwó fún, tó sì pẹ́ tó ọdún méjì, àwọn lè pa á rẹ́. Microsoft fúnra wọn kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé kí oníbàárà máa ṣe ẹ̀dà ohun tó kó sọ́dọ̀ àwọn. Ilé-iṣẹ́ míì tún wà tí kì í gbowó nígbà tí ẹ bá ń kó ẹrù wọlé, àfi tí ẹ bá fẹ́ kó o jáde. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù ṣòfin lé e lórí, Google, Amazon àti Microsoft yára ní 2024, wọ́n ní ẹni tó bá ń kó lọ pátápátá kò ní í san owó àkójáde mọ́.

AKỌ̀WÉ: Òfin Yúróòpù kò dé Ọ̀sẹ̀. O ti fẹnu ara rẹ sọ ọ́: wọn ò ṣe òdodo sí wa. Ẹni tí kò ṣe òdodo sí mi, ṣé èmi ni mo gbọ́dọ̀ ṣe sí i?

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: Ẹ kò gbọ́dọ̀ rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Jíjà á lólè kò tú yín sílẹ̀. Sọ́fítíwià rẹ̀ lẹ ṣì ń lò, ọ̀nà tó fi ń pa fáìlì pọ̀ lẹ ṣì gbára lé. Lọ́jọ́ tó bá yí i padà, èyí tí wọ́n já yẹn á kú sọ́wọ́ yín, kò sì ní sí ẹni tẹ́ ẹ máa pè. Ẹ mọ bí ìwé ẹgbẹ́ yín ti tóbi tó, mà?

AKỌ̀WÉ: Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀?

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: Kò tó gígábáìtì méjì, pẹ̀lú fọ́tò gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ààyè tí Google fi ń ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí tó wà lórí bébà yẹn pọ̀ ju ohun tí ẹ nílò lọ. Èmi ni mo yẹ kí n ti sọ ọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn sọ́fítíwià kan wà, restic, Duplicati, BorgBackup. Àwọn tó kọ wọ́n ló fi ìwé àṣẹ sílẹ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó tú inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó fún aládùúgbò. Kò sí ẹni tí ẹ jà lólè. Irú sọ́fítíwià bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti ìwé yín pa kó tó gbé e lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń bá yín tọ́jú ẹrù kò ní í rí gbèsè tí ẹnikẹ́ni jẹ.

AKỌ̀WÉ: Orí cloud, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nìkan?

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: Rárá o. Ẹ rántí 14 oṣù kẹta 2024, tí wáyà mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, tí àwọn báǹkì kan kò lè ṣiṣẹ́? Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, ló gbé òfin kan kalẹ̀: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Ọ̀kan nínú láptọ́ọ̀pù, ọ̀kan lórí háàdì dísíìkì nínú àpótí irin yín, ọ̀kan lórí cloud. Kí BEDC mú iná lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìwé wà.

AKỌ̀WÉ: O kò ní kí a máa gbé háàdì dísíìkì wá bá ọ ní Ọ̀wọ̀?

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: Lójú ọ̀nà Ẹlẹ́gbẹ̀ka tí wọ́n ti pa Ọlúfọ̀n, ọba yín, ní 2020? Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí háàdì dísíìkì rìn ín. Ìdí tí mo ṣe fẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì gbé ẹ̀dà kẹta nìyẹn.

AKỌ̀WÉ: A ti bọ́ nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó kọ ọ́ fi tọrẹ, Google fi ààyè tọrẹ, ìwọ náà ọmọ wa ni. Ọjọ́ wo lo máa wá?

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: Tíṣà.

AKỌ̀WÉ: Kí ló dé tí o fajú ro?

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: Láàárọ̀, owó Amẹ́ríkà ni ẹ kò fẹ́ san. Ọ̀sán ti wá pọ́n, owó Ọ̀wọ̀ ni ẹ kò fẹ́ san. Sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ kò ní í tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wò ó lóṣooṣù bóyá ẹ̀dà náà lọ. Ẹni náà gbọ́dọ̀ máa gbìyànjú láti mú ìwé kan padà, torí ẹ̀dà tí a kò tíì mú padà rí, a kò mọ̀ bóyá ó wà. Iṣẹ́ ni. Bí ẹ kò bá sanwó rẹ̀, n óò ṣe é lóṣù àkọ́kọ́, n óò ṣe é lóṣù kejì, oníbàárà tó ń sanwó á pè mí lóṣù kẹta.

AKỌ̀WÉ: Hmm. Ẹ̀mí mi ti ń sọ fún mi pé ìrẹ́pọ̀ ló yẹ kó wà láàárín wa.

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: Ó wà, mà. Òun ni mi ò fẹ́ kó bàjẹ́. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 12 oṣù kẹfà 2023 ti sọ ọ́: ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọmọ aráyé gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó kó má bàa sọnù tàbí kó bàjẹ́; bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó lè fi ṣe wọ́n ní ibi, láàárín wákàtí 72 ló gbọ́dọ̀ fi tó Àjọ Ìdáàbòbò Dátà létí. Lọ́jọ́ yẹn ẹgbẹ́ á bi yín ta ló ń wò ó. Ṣé ẹ ó ní ọmọ kan ní Ọ̀wọ̀ tó ń bá yín ṣe é lójú àánú?

AKỌ̀WÉ: Ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Bí o bá já lọ sí Kánádà ńkọ́? Bí mo bá kú?

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: Bí ó bá sọnù, ìwé lọ nìyẹn, kò sí àtúnrí. Ẹ kọ ọ́ sí bébà méjì, kí akápò mú ọ̀kan, kí alága mú ọ̀kan. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí a fi ṣí ààyè cloud náà, kó má jẹ́ orúkọ yín, kó má jẹ́ tèmi.

AKỌ̀WÉ: Ìyẹn mọ́gbọ́n dání. Ó dáa, kọ iye tí o máa gbà lọ́dún sílẹ̀. Má yọ nǹkan kan kúrò torí pé mo nà ọ́ rí. N óò gbé bébà méjèèjì síwájú ìpàdé, tìrẹ àti ti Amẹ́ríkà, n óò sì sọ fún wọn pé èyí tí wọ́n já wà pẹ̀lú. Àwọn ló lowó, àwọn ni kó yàn.

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: Bí wọ́n bá mú èyí tí wọ́n já ńkọ́?

AKỌ̀WÉ: Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, alága á buwọ́ lù ú níwájú gbogbo ènìyàn. Wọ́n á sì wá akọ̀wé míì. Àmọ́ kó má bàa rí bẹ́ẹ̀, ìwọ fúnra rẹ ni kó wá ṣàlàyé. Èmi kò mọ bí mo ṣe lè pe restic yẹn fún Bàbá Alága.

ONÍKỌ̀ǸPÚTÀ: Mo máa wá, mà. Owó ọkọ̀ ńkọ́?

AKỌ̀WÉ: Fi kún bébà.