Iṣẹ́ àti Ìfẹ́ Nídìí Fọ́tò Yíyà

Bí a bá ní kí a dá ẹjọ́ láàárín onífọ́tò tí ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ jẹun àti ẹni tí ó ń ya fọ́tò kìkì nítorí pé ó wù ú, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò sọ pé ẹni èkíní ni ó mọṣẹ́, ẹni èkejì ni ó ní ìfẹ́. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó yí èrò mi padà.

Òmù-Àrán ni ìyá àgbà mi ń gbé. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní ọdún Kérésì kan, mo fi fóònù mi yà wọ́n tó ìgbà ogójì. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn wọn púpọ̀, mo sì rò pé ìfẹ́ náà tó.

Ní ọjọ́ kejì a mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan nínú ìlú. Ọkùnrin náà kò mọ̀ wọ́n rí, kò sì tú ojú ká rárá, nítorí pé àwọn oníbàárà mìíràn ń dúró dè é. Ó yí àga wọn kúrò níwájú fèrèsé, ó tún gèlè wọn ṣe, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbójú sókè díẹ̀." Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó tẹ kámẹ́rà, ó gba owó rẹ̀, ó parí. Mo bínú. Mo sọ fún àbúrò mi pé bí ẹni ń ya àga ni ó ṣe.

Kí ọdún tó yí po, ìyá àgbà filẹ̀ bora. Nígbà tí àwọn ẹbí ń wá àwòrán tí wọn yóò gbé kọ́ sí pálọ̀, mo sáré mú fóònù mi jáde. Áà! Ẹ̀yìn wọn ni ìmọ́lẹ̀ ìta wà nínú gbogbo rẹ̀. Ojú wọn dúdú bí ìdí ìkòkò, eyín nìkan ni ó hàn. Ti onífọ́tò ni a gbé kọ́. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n ni ó bá wa pa ojú wọn mọ́. Èmi tí mo fẹ́ràn wọn ni mo sọ ọ́ nù.

Ǹjẹ́ ìfẹ́ kò wúlò ni? Ó wúlò. Fọ́tò tí ó wà lára ògiri yẹn kò ní ẹ̀rín; àlejò tí ó bá rí i yóò rò pé òǹrorò ni ìyá àgbà.

Ṣùgbọ́n kí a má rò pé owó ni ó ń lé ìfẹ́ lọ. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tí í ṣe ìlú Ìgbómìnà bíi tiwa, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí nípa àwọn onífọ́tò, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò a máa ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, a sì tẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ jókòó. Iṣẹ́ olówó ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtùnú ni pẹ̀lú. J. D. 'Okhai Ojeikere ńkọ́? Ó ra kámẹ́rà Brownie ní 1950, ó sì wọ yàrá òkùnkùn ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ní Ìbàdàn ní 1954. Fọ́tò ni ó fi jẹun, síbẹ̀ láti 1968 ni ó ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, nítorí pé ẹwà wọn wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Irun dídì wọ̀nyí ni ayé fi mọ̀ ọ́n kí ó tó kú ní 2014.

Ní Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, ni a dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1945. Ère òkúta ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún. Kò sí ẹni tí ó mọ àwọn tí ó gbẹ́ wọn, tàbí bóyá wọ́n gbowó. Ẹni tí ó bá dúró níwájú wọn kì í bèèrè bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tí ó mọṣẹ́ àti ojú tí ó wo ènìyàn dáadáa ni ó ń rí.

Nítorí náà, ẹjọ́ tí mo dá ni èyí: ìfẹ́ tí kò fẹ́ kọ́ṣẹ́, ara rẹ̀ ni ó fẹ́ràn. Nígbà tí mo ń tẹ fóònù mi ní ogójì ìgbà, ìgbádùn ara mi ni mo ń wá. Ní ìsinmi tí ó kọjá mo lọ bá onífọ́tò náà pé kí ó kọ́ mi. Ohun àkọ́kọ́ tí ó sọ ni pé kí n máa wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ kí n tó gbé kámẹ́rà. Ohun kejì tí ó bi mí ni orúkọ ìyá àgbà.