Àlejò Tí Wọ́n Rán Láti Sọ̀rọ̀

Àlejò kì í pìtàn ìlú fún onílé. Òwe yìí kì í jáde lẹ́nu àgbà àfi tí ẹnìkan bá ti sọ̀rọ̀ kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Ó lè jẹ́ àna tuntun tó dá sí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ níbi ìpàdé ẹbí, tó ń ṣàlàyé fún àwọn tí wọ́n bí sínú agboolé bí baba ńlá wọn ṣe tẹ̀dó. Ó lè jẹ́ olùkọ́ tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, tó dìde láàárín ìlú tó ní òun ti kà á nínú ìwé pé ìdílé báyìí kọ́ ló kọ́kọ́ dé. Inú kì í bí àwọn onílé títí. Wọn á rẹ́rìn-ín, ẹnìkan á pa òwe náà, àlejò á sì wá ibi jókòó sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìmọ̀ ni òwe yìí ń bá àlejò wí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ì bá ti kú láti ọjọ́ tí ìwé ti dé, torí àlejò kan wà tó mọ̀ ju onílé lọ. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Georgia ní Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì lọ́dún 1850. Nígbà tó fi di 1858, ilé iṣẹ́ Smithsonian ní Washington ti tẹ gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde. Mélòó nínú àwọn ará Ìjàyè tó gbà á sílé ló lè to ọ̀rọ̀ èdè ara wọn jọ báyẹn nígbà náà?

Ẹni tí ọ̀rọ̀ máa dùn bí ìtàn bá wọ́ ni òwe náà ń wò. Ìtàn ìlú lọ́dọ̀ wa kì í ṣe àlọ́ tí à ń fi ṣeré alẹ́. Òun ni à ń gbé lọ síwájú adájọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, òun ni àwọn afọbajẹ ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó mọ ilé tí oyè kàn. Bí onílé bá ṣì í pa, oko lè bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Bí àlejò bá ṣì í pa, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò sì máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Kò sí ohun tí àṣìṣe náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n òwe yìí wà: ẹni tí kò ní bá wọn jìyà ìtàn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ apìtàn wọn, bó ti wù kó mọ̀wé tó.

Òwe yìí wá nira fún irú àlejò kan ju àwọn yòókù lọ. Oníṣòwò lè dé ìlú onílùú kó má sọ nǹkan kan ju iye ọjà rẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ kọ́ṣẹ́ míṣọ́nnárì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ni wọ́n rán an pé kó lọ sọ. Ìjọ ti dá owó ọkọ̀ fún un, wọ́n ti pè é jáde síwájú pẹpẹ, wọ́n ti gbọ́wọ́ lé e lórí. Báwo ni yóò ṣe wá jókòó sílé onílé bí ẹni tí kò ní nǹkan kan láti sọ?

Ẹ jẹ́ ká wo Galmi, ìlú kékeré kan ní gúúsù orílẹ̀-èdè Niger, lójú títì tó ti Niamey lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SIM ti ní ilé ìwòsàn níbẹ̀ láti 1950. Ẹgbẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wa, nítorí Èkó ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí ní 1893. Walter Gowans àti Thomas Kent kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Rowland Bingham nìkan ló ṣẹ́ kù. Lónìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti nọ́ọ̀sì láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè máa ń lọ kọ́ṣẹ́ ní Galmi. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn tí wọ́n ń tọ́jú, èdè Haúsá ni wọ́n sì ń sọ.

Ká ní ọmọ Ìbàdàn kan, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, wà lára wọn. Ìtòsí Sábó, àdúgbò àwọn Haúsá, ló gbé dàgbà. Ó mọ “sannu”, ó mọ “ina kwana”, ó ń ka owó lédè Haúsá dé ẹgbẹ̀rún, àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń wò ó bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ dé ọjà ni ojú rẹ̀ yóò là. Ìyá alálùbọ́sà ní dala ɗari. Ọgọ́rùn-ún ni ɗari, ọmọ Ìbàdàn mọ ìyẹn dájú, ló bá ka ọgọ́rùn-ún fránkì sí i lọ́wọ́. Ní Niger, dala kan jẹ́ fránkì márùn-ún. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni ìyá náà ń gbà. Haúsá tó kọ́ ní Sábó kò purọ́ fún un o, ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń ná an.

Àlùbọ́sà yẹn pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Elésè àlùkò ni, orúkọ Galmi ni wọ́n fi ń pè é káàkiri, ọkọ̀ ńlá sì ń kó o lọ sí Kútọnu, Lomé àti Accra. Àwòrán tí wọ́n fi han ọmọ Ìbàdàn yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó kúrò nílé, ilẹ̀ gbígbẹ àti ọmọ tí ebi ń pa ló kún inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìlú tó ń lọ ń bọ́ ọbẹ̀ àwọn ará etíkun. Bó bá lọ wàásù ní ọ̀sẹ̀ tó dé, tó ní òun wá sáàárín àwọn tí kò ní nǹkan kan, ìtàn ìlú ló ń pa yẹn, ó sì ti ṣì í pa.

Nígbà tí Jésù rán àwọn àádọ́rin ọmọ ẹ̀yìn jáde, nínú Lúùkù orí 10, ohun tó kọ́kọ́ ṣe fún wọn ni pé ó sọ wọ́n di àlejò pátápátá. Kò jẹ́ kí wọ́n mú àpò tàbí owó dání. Ilé tó bá gbà wọ́n ni kí wọ́n máa gbé, kí wọ́n má ṣe máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ohun tí onílé bá sì gbé kalẹ̀ ni kí wọ́n jẹ. Àwọn oníwàásù kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró síbẹ̀. Orí iṣẹ́ ìyanu ni wọ́n máa ń sáré lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àpò ni ebi ń pa, ẹni tí ebi ń pa ni í jókòó ti onílé, ẹni tó bá sì jókòó ti onílé ló ń gbọ́rọ̀. Ọmọ tó gbé gààrí àti ìrẹsì ilé dání, tó ń sùn láàárín àwọn ará ìlú rẹ̀, tó ń jáde lọ wàásù kó tó padà wọlé lálẹ́, kò tíì wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ó dáa kó jẹ tuwo ọkà bàbà níbi tí wọ́n bá ti gbé e kalẹ̀, kó fi ọwọ́ ọ̀tún mú un, kó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kó sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé fi Haúsá Sábó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Òwe náà kò ní kó má sọ ìtàn tirẹ̀. Ibi tó ti wá, àwọn òbí rẹ̀, ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un tó fi gbéra kúrò nílé, tirẹ̀ ni gbogbo wọn, bí ó bá sì parọ́ níbẹ̀, òun ni yóò jẹ̀bi. Ìtàn yẹn ni onílé pàápàá máa ń béèrè lọ́wọ́ àlejò. Ìtàn àwọn tó gbà á sílé ni kò sí níkàáwọ́ rẹ̀. Àjàyí Crowther mọ ìyàtọ̀ yìí. Nígbà tí ìrìnàjò Odò Ọya gbé e dé Onitsha ní 1857, John Christopher Taylor ló fi síbẹ̀, ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ Ígbò. (Taylor náà kúkú jẹ́ àlejò lọ́nà kan, torí Sàró ni wọ́n bí i sí. Ọ̀rọ̀ onílé kì í fìgbà gbogbo rọrùn tó bá a ṣe ń pa á lówe.)

Àwọn baba wa kò rí WhatsApp nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí. “Fún onílé” ni wọ́n sọ, bẹ́ẹ̀ sì ni lójú tèmi, ẹ̀yìn onílé gan-an ni àlejò òde òní ti ń ṣẹ̀ jù. Níwájú onílé, ẹnìkan á rẹ́rìn-ín, á sì tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ta ni yóò tún lẹ́tà tó ń kọ sí ìjọ ilé ṣe, tàbí fọ́tò ọmọ aláìsàn tó gbé sórí Facebook? Owó ìrànwọ́ kì í pẹ́ dé síbi ìtàn tó bá pani lẹ́kún jù, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì mọ̀. Àwa náà ti jẹ́ onílé nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. Bowen kọ ìwé nípa ilẹ̀ wa ní 1857. Ìwé ìrántí Anna Hinderer, tó bá ọkọ rẹ̀ gbé Ìbàdàn láti 1853, jáde ní 1872. Èmi kò rò pé wọ́n ní ibi lọ́kàn, àmọ́ àwọn ará ilé wọn ni wọ́n kọ ọ́ fún. Samuel Johnson, tí bàbá rẹ̀ bá Hinderer ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ló wá jókòó ti àwọn arọ́kin, tó kọ ìtàn Yorùbá parí ní 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí England, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀ Obadiah ló kó àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù jọ, ó di 1921 kí ìwé náà tó jáde. Ìwé àlejò kò sọnù.

Onílé ṣì ni ẹni tí ìyà ìtàn ń jẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, wọ́n dáná sun ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Niamey àti Zinder nítorí àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan nípa Ànábì tí ìwé ìròyìn gbé jáde ní Paris. Ẹni tó ya àwòrán kò sí ní Niamey. Àwọn onígbàgbọ́ ọmọ Niger ló wà níbẹ̀, wọ́n wà níbẹ̀ dòní. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ nípa “àwọn Mùsùlùmí tó yí wa ká” lè padà sí Galmi lẹ́yìn tó bá ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tó ti dé ilé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ènìyàn lè pa òfin òwe yìí mọ́ kó má sì jèrè rẹ̀. Àwọn oníṣòwò wa, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá, ló gbé ìgbàgbọ́ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Gánà. Míṣọ́n kankan kò rán wọn. Wọ́n ń tajà ní Kùmásí, wọ́n ń tajà ní Tamale, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin, òun náà ni wọ́n fi ń wàásù. Wọn kò pìtàn ìlú fún onílé rárá, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jókòó gbọ́ ọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé ìjọsìn púpọ̀ ṣófo. Bí àlejò bá dákẹ́, kí onílé lè sọ̀rọ̀ ni, kó má baà jẹ́ pé ìdákẹ́ lásán ló wà láàárín wọn.

Ó ku ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi wá, wọn kò sì jẹ̀bi: ṣé kí àlejò rí ibi kó panu mọ́? Ní Danja, nítòsí Maradi ní Niger náà, wọ́n ń tọ́jú àwọn obìnrin tí ìtọ̀ ń dà lára wọn láìdúró lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ á wo ọmọbìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, á wo ọjọ́ orí rẹ̀, á sì dá ẹjọ́: àṣà wọn ni, wọ́n ń fi ọmọdé fọ́kọ. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ọmọ ìlú tó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ ìyókù: bí abúlé ṣe jìnnà sí ibi tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ, bí ọkọ̀ ṣe ṣọ̀wọ́n lóru, ẹni tí wọ́n ń dúró dè kó tó gbà pé kí wọ́n gbé aboyún jáde nílé, ìyá tó ta ewúrẹ́ kó tó rí owó ọkọ̀ san. Àlejò lè béèrè. Ó lè sọ pé ohun tí òun rí dun òun, kó bi nọ́ọ̀sì náà léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Yóò gbọ́ pé àwọn ọmọ ìlú ti ń bá a jà kí òun tó gba ìwé ìrìnnà.

Nígbà tí ìkọ́ṣẹ́ bá parí, ìjọ tó rán an yóò béèrè ìròyìn, ó sì yẹ kó kọ ọ́. Kó gbé e lọ bá pásítọ̀ Galmi àti nọ́ọ̀sì ọmọ ìlú kan kó tó fi ránṣẹ́, kó jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi kà á tán. Bí wọ́n bá fi báírò pa ojú ìwé mẹ́ta rẹ́ nínú márùn-ún, méjì tó kù tó ìjọ ilé kà.