Ẹ̀rí Ojú Nìkan Kò Tó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ṣé gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu lè jẹ́rìí sí?

Àwa ará Agboju mọ ẹ̀gà, ẹyẹ aláriwo tó ń hun ìtẹ́ sórí ọ̀pẹ. Ìbátan rẹ̀ kan wà tó dúdú, tí orí àti àyà rẹ̀ pupa. Kò sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. J. H. Elgood kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1951. Ní 1958 ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yà tuntun ni, ó sì sọ ọ́ ní Malimbus ibadanensis.

Ó yẹ kí ènìyàn rọra ṣe, nítorí ẹyẹ mìíràn wà tó jọ ọ́: orí òun náà pupa, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ dúdú. Ẹni tó rí orí pupa lókè igi, tí kò dúró wo àyà, kò tíì ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ẹ̀rí èké sì ń ṣeni lófò. Igbó ẹyẹ yìí ń tán lọ, wọ́n sì ti kà á mọ́ àwọn tó lè parun. Bí a bá ń sọ kiri pé ó pọ̀, ta ni yóò dá igbó rẹ̀ sí?

Ẹnìkan lè ní ẹyẹ lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè fara balẹ̀ lórí ẹyẹ, ṣé yóò fara balẹ̀ lórí orúkọ ọmọnìkejì rẹ̀? Bí ẹ kò bá rí àyà, ẹ sọ pé orí nìkan lẹ rí. Ẹ̀rí nìyẹn náà, kò sì lábùkù.