Ṣé Etí ni Ilé Èdè?

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ èdè, mo gbà pé ìró tí ẹnu ń gbé jáde tí etí sì ń gbà ni èdè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó mú mi tún un rò.

A bí i ní adití. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, àwọn oníṣègùn fi wáyà tín-ínrín sí ibi tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín nínú etí rẹ̀, kí ó máa ta iná mọ́ iṣan tí ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ. Nísinsìnyí, bí a bá pè é, a máa wẹ̀yìn. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó má jẹ́ kí ó fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ mọ́, kí ẹnu rẹ̀ má baà ya ọ̀lẹ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ó ha tọ́ kí a gba èdè kan lọ́wọ́ ọmọ nítorí òmíràn tí kò tí ì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́?

Ibi tí wáyà náà ti ń ta iná kò ju 12 sí 22 lọ. Nítorí náà kò lè fi òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn hàn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ohùn ni ó ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún àwa Yorùbá. Bí mo bá ní kí ó mú ọkọ̀ ìṣeré rẹ̀ wá, a máa wò mí lójú. Bí mo bá fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń wakọ̀, a sáré lọ.

Láti 1977 ni a ti ń kó àwọn ọmọ adití jọ sí ilé-ìwé kan ní Managua, ní Nikarágúà. Èdè Spéìnì ni àwọn olùkọ́ fẹ́ kí wọ́n máa wò lẹ́nu. Kò fi bẹ́ẹ̀ yọrí. Ṣùgbọ́n níbi eré àti nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ náà fi ọwọ́ dá èdè tiwọn sílẹ̀, àwọn àbúrò tí ó dé lẹ́yìn sì sọ gírámà rẹ̀ di kíkún. Ọpọlọ ni ilé èdè. Etí àti ojú, ilẹ̀kùn ni wọ́n.

Ẹlòmíràn yóò ní ẹni tí kò sọ Yorùbá yóò di àlejò nílé baba rẹ̀. Òótọ́ ni, n kò ní kí a yọ ẹ̀rọ náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó tètè rí i gbà ni ó ń sọ̀rọ̀ geere. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn, ọdún tí ọmọdé fi ń kọ́ èdè kì í sì í padà. Àwọn àgbà ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí a ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, kí àwa tí a ń gbọ́ sì kọ́ èdè ọwọ́. Bí ó bá di àlejò láàrin wa, àwa ni a kò kí i káàbọ̀.