Má Pa Ẹlẹ́rìí

Àwọn àgbà wa ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí wo kọ̀ǹpútà ná.

Kernel ni ọkàn ètò kọ̀ǹpútà: òun ni alárinà láàrin ẹ̀rọ àti iṣẹ́ tí a ń fi í ṣe. Linux, tí Linus Torvalds gbé jáde ní 1991, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí a bá fi kernel titun sí i, tí íntánẹ́ẹ̀tì kò wọlé mọ́, a ó pariwo pé, "Titun ni ó bà á jẹ́!" Ó lè rí bẹ́ẹ̀; ó sì lè jẹ́ wáyà ni ó já. Ubuntu kì í pa kernel àtijọ́ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. A ó pa ẹ̀rọ, a ó tún un tàn, a ó yan ti àtijọ́. Bí àìsàn náà bá lọ, a rí ẹ̀rí mú. Bí kò bá lọ, ẹ jẹ́ kí a wá ẹlẹ́bi mìíràn. Ẹni tí ó ti pa ti àtijọ́ rẹ́ ti pa ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sórí ẹ̀rọ. Aládùúgbò ni Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Ní 2025, ìjà ilẹ̀ gba ẹ̀mí láàrin wọn, ilé sì jóná. Mo bi yín: bí àgbà tí ó mọ ààlà bá kú sínú ìjà, ta ni yóò jẹ́rìí? Kernel ṣeé dá padà. Ènìyàn kò ṣeé dá padà. Sùúrù tí a ní fún ẹ̀rọ, ọmọnìkejì wa ni ó tọ́ sí jù.