Irọ́ Ni àbí Àdúrà?

Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ gbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Orin mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, mo sì ti gbọ́ gbogbo wọn tán kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ, nítorí yàrá kan náà la jọ ń sùn tí mo bá lọ sílé fún ìsinmi. Command nilé wa, ní Alímọ̀ṣọ́, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ti máa ń bá a gbe orin láti aago méje alẹ́. Nínú orin mẹ́sàn-án yìí, mẹ́fà ló jẹ́ pé owó tó ní ló ń sọ. Nínú ọ̀kan, ilé rẹ̀ wà ní Lekki. Nínú òmíràn, òun fúnra rẹ̀ kì í ka owó mọ́, ẹ̀rọ ló ń bá a kà á. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ ibi tó ń tọ́jú owó sí, abẹ́ ìrọ̀rí ni, tí nǹkan bá sì wà níbẹ̀ rárá, owó kórópè dé Ìyànà-Ìpájà ni.

Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ bá mi kọ ìtàn ara mi sínú ìwé, ojú ewé kan péré, èyí tí mo máa fi ránṣẹ́ sáwọn onírédíò." Mo ní kò burú, mo mú bírò. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é fún mi. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ti kọrin ní London, pé ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ sì ti ń wá òun kiri. Ìwọ tí o kò tíì kọjá Ṣàgámù rí! Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò tilẹ̀ bínú. Ó ní, "Gbogbo wọn ló ń ṣe é, pákéèjì ni. Tí mo bá kọ ọ́ pé ọmọ Command ni mí, mi ò ní nǹkan kan, ta ló máa tẹ́tí sí mi? Ṣebí àwọn àgbà ló ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni."

Ẹ gbà mí o. Èmi tí mò ń ka Yorùbá ní yunifásítì, ọmọ tó máa ń sá fún kíláàsì Yorùbá ló wá ń fi òwe pa mí lẹ́nu mọ́.

Mi ò kọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Ẹni tí kò lówó tó ń kọrin pé òun lówó, irọ́ ló ń pa ni, àbí àdúrà ló ń gbà?

Ẹ jẹ́ ká má tètè dá a lẹ́jọ́. Èmi àti ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé wa yìí, kí la kọ sínú CV tí a fi ń wá ibi tí a ti máa ṣe IT? Mo kọ ọ́ sínú tèmi pé mo mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ tó wà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ló tẹ CV ọ̀hún fún mi. Àdúgbò wa gan-an, ẹ wo orúkọ rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun tó wà níbẹ̀ ló fún wa lórúkọ, Command, orúkọ apàṣẹ. Ẹnikẹ́ni ò tíì rí wa kí a pàṣẹ fún iná pé kó dé kó sì dé.

Ohun kan sì wà tó ń ti àwọn ọmọ yìí dé ìdí pákéèjì. Láyé kásẹ́ẹ̀tì àti CD, àwọn màkẹ́tà ọjà Alaba ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n bá gba orin rẹ̀, ìlú á gbọ́. Ẹni tí wọn ò bá gbà á, kó máa kọrin sétí ìyá rẹ̀. Wọ́n ń rẹ́ olórin jẹ, àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà ń rẹ́ wọn jẹ, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹnìkan á ti gbọ́ orin yẹn kó tó yọ owó. Lónìí, ọmọ tó bá ti ní fóònù lè gbé orin rẹ̀ sórí Audiomack lórí ibùsùn tó dùbúlẹ̀ sí. Ilẹ̀kùn ti ṣí, gbogbo ayé sì ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ kankan ní Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ro iye ọmọ tó ń ká orin sínú fóònù níbẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹni tí kò bá pariwo, ta ló máa mọ̀ pé ó wà láyé?

Àwọn tó ti débẹ̀ gan-an, ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fi débẹ̀. Oṣù kẹjọ 1994 ni Notorious B.I.G. gbé "Juicy" jáde ní Amẹ́ríkà, orin tó fi ń sọ bí òun ṣe ti inú ìṣẹ́ di olówó. Bẹ́ẹ̀ àwo tó máa sọ ọ́ di olówó, Ready to Die, kò tíì jáde nígbà yẹn, ó di oṣù kẹsàn-án. Ọkùnrin náà ń dúpẹ́ oúnjẹ tó ṣì wà lórí iná. Ẹ bọ̀ wálé. Wizkid, ọmọ Ojúẹlẹ́gbà, kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún nígbà tó gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà 2011, Superstar ló sì pe orúkọ rẹ̀. Ta ló fi í joyè? Òun fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tó fi máa di 2021, ó kọrin ní O2 ní London fún alẹ́ mẹ́ta, èrò sì kún un fọ́fọ́. Kò sẹ́ni tó tún bi í pé ta ló fún ọ lóyè.

Àbúrò mi mọ ìtàn yìí ju èmi lọ. Òun ló fi ń gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti ń yẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ṣẹ la fi ń pè é ní àdúrà, kí la máa pe ti ẹni tí tirẹ̀ ò ṣẹ? Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹnu kan náà, ọdún kan náà. Ọ̀kan dé O2, ọ̀kan ń wa màrúwá ní Ìgándò. Ṣé àìríṣe wá sọ ti ẹnì kejì di òpùrọ́? Èmi ò gbà. Irọ́ kì í dúró de ọdún mẹ́wàá kó tó di irọ́. Ọjọ́ tí ó ti ẹnu jáde ló ti jẹ́ ohun tó jẹ́. Nítorí náà, ibòmíràn la ti gbọ́dọ̀ wá ìyàtọ̀ wọn.

Mo wá ro orúkọ tí a ń sọ ọmọ. Ilé tí a ń gbé, yàrá mẹ́wàá ló dojú kọ ara wọn. Adékúnlé mẹ́ta wà nínú rẹ̀, kò sì sí adé kankan níbẹ̀, àyàfi ti kàlẹ́ńdà ọ̀ọ̀ni tó wà lára ògiri. Ọláńrewájú ọ̀kan wà níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ jẹ owó ilé oṣù mẹ́jọ. Ẹnikẹ́ni ò pe àwọn bàbá wọ̀nyí ní òpùrọ́. Kí ló fà á? Gbogbo ẹni tó wá síbi ìkómọ ló mọ̀ pé àdúrà là ń gbà. Ẹni tó tọ́ oyin wò níbẹ̀ mọ̀ pé ayé ọmọ náà kò tíì dùn, a fẹ́ kó dùn ni. Orin àbúrò mi náà rí bẹ́ẹ̀ létí ẹni tó gbọ́ ọ nínú kórópè. Kò sẹ́ni tó máa sọ̀ kalẹ̀ kó lọ máa wá ilé rẹ̀ ní Lekki. Wọ́n á mirí, wọ́n á ní ọmọ yìí ń gbádùn o, kí Ọlọ́run ṣe é fún àwa náà. Àmín ni wọ́n ń ṣe. Títí dé ibí yìí, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú bírò mi padà.

Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ màmá wa.

Fídíò ló fà á. Àbúrò mi ní orin tí kò bá ní fídíò, òkú orin ni, fídíò tí kò bá sì ní jíìpù nínú, kí wọ́n má tiẹ̀ yà á. Wọ́n ń yá jíìpù lọ́jọ́ kan fún iye tí n kò ní kọ síbí, kí ẹni tó bá mọ màmá wa má baà bú wa. Ẹ̀lúbọ́ àti ẹ̀wà ni Màmá ń tà. Ó ti ń dá àjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó fẹ́ fi owó náà gba ṣọ́ọ̀bù tí òjò ò ní máa pa á sí. Àṣé kí àbúrò mi tó wá bá mi fún ìwé, ó ti kọ́kọ́ dán ìtàn London wò lára Màmá. Ó ní àwọn kan ń dúró de òun níbẹ̀, fídíò yìí nìkan ni wọ́n fẹ́ rí. Màmá gbọ́ London, ó dìde, ó lọ bá alájọ pé kó fún òun lówó òun ṣáájú ìgbà.

Ọjọ́ tí mo gbọ́ èyí ni mo rí ohun tí mò ń wá. Ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ àdúrà létí èrò ọkọ̀, kó jẹ́ irọ́ létí ìyá ẹni. Èrò inú ọkọ̀ ò san kọ́bọ̀ lé London lórí. Màmá fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ san án. Ẹni tó bá máa ti ara ọ̀rọ̀ rẹ yọ owó, o ò lè sọ fún un lẹ́yìn náà pé eré lò ń ṣe, pé ṣé kò mọ̀ pé orin ni. Èmi gbà pé kí ọmọ fọ́nnu dé òṣùpá. Ṣùgbọ́n níwájú ẹni tó fẹ́ fi gààrí ọ̀la rẹ̀ ra ìfọ́nnu náà, kó kọ́kọ́ fi ojú òtítọ́ hàn án, kó ní, "Mọ́mì, mi ò tíì ní nǹkan kan o, ẹ bá mi ta kòkò yìí."

Mo tún rò ó pé ọ̀nà mìíràn wà láti gbé ara ẹni ga, kò sì jìnnà sí Command. Dagrin, Ọláìtán Ọláònípẹ̀kun, apá Alágbádo àti Meiran níbí ló ti dàgbà. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Still on the Matter, jáde ní 2006, kò rìn jìnnà. Ní 2009 ló gbé C.E.O. jáde, ìlú sì dìde. Ẹ gbọ́ ohun tí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn dúró fún: Chief Executive Omoita. Ọ̀gá àgbà ni, ọmọ ìta ni, ó sọ méjèèjì pọ̀ kò mí. Ìfọ́nnu ni o, kò sẹ́ni tó lè ní kì í ṣe ìfọ́nnu, ṣùgbọ́n ó gbé ẹ̀rí tó ta ko ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oríkì wa náà ṣe ń ṣe. Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì ilé rẹ̀ dáadáa rí á mọ̀ pé wọ́n á ki baba ńlá rẹ̀ dé ọ̀run, wọ́n á sì fi àbùkù kan há a láàárín, inú rẹ̀ á sì ṣì máa dùn. Ọdún 2009 yẹn kan náà ni Wande Coal gbé tirẹ̀ jáde, Mushin 2 Mo' Hits. Ó dárúkọ ibi tó dé, kò sì fi ibi tó ti wá pamọ́. Kò sẹ́ni tó tìtorí Mushin pa rédíò.

Mo kó gbogbo àlàyé yìí lọ bá àbúrò mi. Ó jókòó, ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ọdún wo ni C.E.O. jáde?" Mo ní 2009. "Ọdún wo ni Dagrin kú?" Mo dákẹ́. Ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2010 ni ọkọ̀ rẹ̀ kọlu ọkọ̀ ńlá kan tó dúró ní Mushin, ọjọ́ 22 oṣù náà ló jáde láyé. Ẹ̀bùn àwo ráàpù tó dára jù lọ tí wọ́n fún un ní Hip Hop World Awards ọdún yẹn, ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ló dé. "Ó lo ọdún mẹ́ta lórí òtítọ́ yín kí wọ́n tó gbọ́ ọ, kò sì lo ọdún kan láti jẹun lórí ẹ̀. Ẹ fẹ́ kí n dúró dìgbà wo?"

Mi ò ní èsì. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì ní. Mo lè sọ pé London irọ́ yẹn kò fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n èsì ilé ìwé nìyẹn, kì í ṣe èsì ọmọ tó ń bẹ̀rù pé ìgbà òun ń lọ.

Mo kọ ìwé náà fún un ṣá. Mo kọ ọ́ pé ọmọ Command ni, pé ó ti kọrin níbi ìkómọ àti ìgbéyàwó tí òun fúnra rẹ̀ ò lè kà mọ́ (òótọ́ nìyẹn, ìyẹn nìkan ni ohun tí kì í kà mọ́), pé orin mẹ́sàn-án rẹ̀, yàrá kan ló ti kọ gbogbo wọn, jẹnẹrétọ̀ sì wà nínú méjì tí ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó kà á, ó pòṣé, ó ká a sápò.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Màmá pè mí sẹ́yìnkùlé. "Ìwọ tí o mọ̀wé, London tí àbúrò ẹ ń sọ yìí, ṣé ó dá ẹ lójú?" Mo ní, "Mọ́mì, kò sí London kankan." Kò pariwo. Ó bu omi sí ẹ̀wà tó ń ṣà, ó fọwọ́ rò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Jíìpù yẹn, èló ni wọ́n ń gbà tó bá jẹ́ ìdajì ọjọ́?"

Àwo náà máa jáde lóṣù tó ń bọ̀. Àbúrò mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n nínú ìtàn méjèèjì, èyí tó fi ránṣẹ́ sáwọn onírédíò, kò tíì sọ fún mi.